Ẹ Jẹ́ Kí Ìpàdé Náà Wá sí Abúlé

Ohun tó ń pa iṣẹ́ ọnà lábúlé kì í ṣe àìmọṣẹ́. Àwọn tó mọṣẹ́ ṣì wà. Ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí wa ká ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí, mo lè mú yín dé ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò tí ìkòkò rẹ̀ kì í sán nínú iná. Mo lè mú yín dé ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére tó ṣì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọnà lílé àti àlétúnlé. Mo mọ ahunṣọ kan tó jẹ́ pé tó bá ti fojú kan àwòṣe lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ iye òwú tí yóò gbà. Ohun tó ń pa wá ni pé oníkálùkù ló dá wà. Amọ̀kòkò kò mọ ẹni tó ń wá ìkòkò rà ní Ìbàdàn. Agbẹ́gilére kò mọ̀ pé ará ìlú kejì ti rí ohun tí wọ́n ń fi lé ìkán kúrò lára igi. Èmi tí mo jẹ́ aláró, bí aró bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, n kò rí ẹni bi léèrè, nítorí èmi nìkan ló ṣẹ́ kù sídìí iṣẹ́ náà ní agboolé tó kún fún aláró nígbà kan rí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìyá ìyá mi ló fi èlú lé mi lọ́wọ́, aró sì ni mo fi tọ́ ọmọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni wọ́n lè ṣe fún oníṣẹ́ ọnà tó wà lábúlé, owó kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Mo máa ń ní kí wọ́n kó wa jọ. Kí wọ́n kó wa jọ síbi tí a ó ti jọ fọwọ́ ṣiṣẹ́, tí a ó jọ jẹ, tí a ó jọ sùn, tí oníkálùkù yóò sì lè sọ iye tó ń ta ọjà rẹ̀ láìfi pamọ́. Kí wọ́n sì kó wa jọ sí abúlé, kì í ṣe sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹni tó bá rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní kíkó oníṣẹ́ ọnà jọ kò mọ ilé àwọn ìyá wa. Nínú agboolé aláró, ìkòkò aró máa ń tò lọ bẹẹrẹ ni, ìyálé ní tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀. Bí èlú ẹnì kan bá tán, yóò yá lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí ọ̀kan bá bímọ, àwọn yòókù ni yóò máa bá a ro aró rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Wọ́n jọ ń dá èsúsú, wọ́n jọ ń bọ Ìyá Màpó, ẹni tí wọ́n gbà pé ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin. Iye tí wọ́n ń ta aṣọ kì í ṣe àṣírí láàárín wọn, torí ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná.

Ti àwọn ọkùnrin kò yàtọ̀. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, kì í dá lọ síbi iṣẹ́. Ó máa ń kó àwọn ọmọṣẹ́ dání láti ààfin kan dé òmíràn ni. Ìlẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dára débi pé wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, nílùú London, lọ́dún 1924, British Museum ló sì wà títí di òní. Nígbà tí a bá ń yin Ọlọ́wẹ̀, ó yẹ ká rántí pé àwọn ààfin yẹn ló fún un láyè láti pàdé àwọn tó mọyì iṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti ń rí iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú mìíràn ṣe.

Gbogbo ìyẹn ti tú ká. Àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, wọ́n gba Èkó lọ, a ò sì lè bá wọn wí. Aró inú agolo dé, ó yá ju èlú lọ. Lẹ́yìn náà ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí dé láti ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n ń tà á ní owó tí ẹni tó ń fọwọ́ ṣe tirẹ̀ kò lè bá dù. Ibi tí aláró ti pọ̀ bí nǹkan mìíràn, ó lè ku ẹyọ ọ̀kan níbẹ̀ lónìí. Igi kan kì í sì í dágbó ṣe.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti tún ohun tó tú yìí dì. Kò yẹ ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é rí.

Ní 1947, àwọn Fádà ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, Fádà Kevin Carroll sì ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn jù. Wọ́n mú George Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì, wá máa gbẹ́gi níbẹ̀. Àwọn ahunṣọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọnà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá-Ọ̀ràngún ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Ọmọ agbẹ́gilére ni Làmídì, láti ìran dé ìran ni ilé wọn ti ń gbẹ́gi, síbẹ̀ ó kúrò nílé bàbá rẹ̀ lọ bá ọ̀gá mìíràn ní ìlú mìíràn. Mùsùlùmí ni, ó sì ń gbẹ́gi fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi iṣẹ́ náà parí ní 1954, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Làmídì mú jáde níbẹ̀ kò parí. Ó gbẹ́gi títí tó fi kú ní 2009, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, UNESCO náà sì kà á mọ́ àwọn tí wọ́n pè ní ìṣúra alààyè ní 2006. Àwọn kan ń bínú pé ṣe ni ìjọ Àgùdà gba ọnà wa mọ́ tiwọn. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò wọn. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé Ọyẹ́ ni wọ́n gbé e sí, láàárín àwọn tó ni iṣẹ́ náà, ọdún méje gbáko ni wọ́n sì fi gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ti Òṣogbo ni gbogbo ayé mọ̀. Ní 1962 ni ibùdó iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo ṣílẹ̀kùn ní ilé Dúró Ládipọ̀, eléré orí ìtàgé; òun àti Ulli Beier ló dá a sílẹ̀. Láàárín ọdún yẹn sí 1964, wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ níbẹ̀, Denis Williams wà lára àwọn tó darí rẹ̀, Georgina Beier ló sì darí ti 1964. Àwọn tó wá síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eléré Dúró Ládipọ̀. Oníjó ni Twins Seven-Seven. Mùráínà Oyèlámì ń ṣeré, ó ń lùlù.

Ọjọ́ díẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ ti iye ọjọ́ ni, kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè wá sí lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló mú un yàtọ̀. Georgina kò kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí ó parí. Ó wà ní Òṣogbo pẹ̀lú wọn, ó ń wo iṣẹ́ wọn, ó ń bá wọn wá ohun èlò, àwọn iṣẹ́ náà sì ń dé ibi àfihàn nílé àti lókè òkun. Nígbà tí àwọn Beier fi máa kúrò ní Nàìjíríà ní òpin 1966, àwọn ọmọ náà ti lè dá dúró. Mùráínà Oyèlámì padà sí Ìrágbìjí, ìlú rẹ̀, ó sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Olóyè Nike Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogi ní 1951, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tún padà lọ ṣe òmíràn sí Ògìdì. Ọ̀nà tó gbé wọn jáde, wọ́n gbà á padà wọlé. Mo ka ìyẹn kún ju àwòrán wọn tó wà lára ògiri àwọn olówó lọ.

Èyí tó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Agbarha-Otor, lẹ́bàá Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta, ni wọ́n ti bí Bruce Onobrakpeya, oníṣẹ́ ọnà, ní 1932. Ó kàwé ní Zaria, ó ṣe tíṣà ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó bá wọn ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Mbari nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì lọ sí Haystack ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1975. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni Haystack, inú igbó létí òkun ló wà. Nígbà tí Onobrakpeya wá fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1998, ó lówó, ó lókìkí, Èkó sì ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Agbarha-Otor ló gbé e lọ. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, lẹ́yìn tí òjò ti lọ tán. Àwọn kan ń tẹ àwòrán, àwọn kan ń kun ọ̀dà, àwọn kan ń gbẹ́ òkúta, àwọn kan ń dá irin, àwọn kan ń mọ amọ̀. Olùkọ́ yunifásítì àti ẹni tí kò wọ ilé ìwé ọnà rí jọ ń du irinṣẹ́ kan náà.

Mo ti bá àwọn tó lọ síbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń ròyìn jù kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni dúró kọ́ wọn. Wọ́n ń sọ ti alẹ́, tí iṣẹ́ bá ti dáwọ́ dúró, tí oníkálùkù á máa sọ bí òun ṣe ń rí jẹ nídìí iṣẹ́ náà, ẹni tó jẹ ẹ́ lówó tí kò san, ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì tún padà wá. A ti gbà tipẹ́ pé àfi kí ará abúlé lọ sí Èkó kí ojú rẹ̀ tó là. Onobrakpeya kó Èkó wá bá abúlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àdúgbò wa. Ìpàdé tí mo fẹ́ sọ yìí kò lórúkọ, kò sì ní báńnà. Àwa aláró láti ìlú bíi mélòó kan, àwọn amọ̀kòkò, àti àwọn ọmọge díẹ̀ tó ń fi aró inú agolo ṣe àdìrẹ ní Òṣogbo, la fúnra wa ṣètò rẹ̀. A lọ bá ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan pé kó yá wa ní kíláàsì nígbà ìsinmi. Ẹni tó ní iṣu mú iṣu wá, ẹni tó ní gààrí gbé gààrí, àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu ra epo àti ẹja. Àwọn tó ní ọmọ lọ́wọ́ gbé ọmọ wọn dání.

Ìyá kan láti ìhà Ẹdẹ rọ aró rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì wá. Ó ní láti ọjọ́ tí òjò ti wọ inú ìkòkò òun ni aró náà kò ti mú aṣọ mọ́, pé bí òun bá rẹ aṣọ tí òun sì fi omi ṣàn án, gbogbo rẹ̀ ló ń bá omi lọ. Àwa tó kù wò ó, a gbóòórùn rẹ̀, a ní kó dà á nù. Màmá tó dàgbà jù láàárín wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ní ká dúró ná. Ó fi ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́ sílẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, aró yìí kò kú o. Ebi ló ń pa á. Omi eérú rẹ̀ ti fúyẹ́ jù.”

Ó ní kí wọ́n lọ wá èèpo kòkó gbígbẹ wá, kí wọ́n sun ún. Nígbà tí eérú tutù, ó gbé ìkòkò tí a lu nídìí lé orí òmíràn, ó to igi wẹ́wẹ́ àti koríko sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ki eérú náà lé e lórí, ó sì ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Gbogbo òru ló fi ń kán. Lówùúrọ̀, omi tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ìyá Àgbà tún tọ́ ọ wò, ó ní kí àwa náà tọ́ ọ wò. Ó ta ahọ́n wa. “Ẹ rí i bó ṣe ta yín yẹn? Bó ṣe yẹ kó máa ta nìyẹn. Bí kò bá ta, ẹ má dà á sí aró.” Ó dà á sínú aró náà, ó fọ́ ìṣù èlú sí i, ó ro ó, ó fi ẹní bò ó. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i wò.

Ọ̀túnla ni a tó ṣí i. Ìfófó ti rú sókè, ó ń dán. Ìyá ará Ẹdẹ fi aṣọ bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Aṣọ náà jáde ní àwọ̀ ewé. A nà án sójú afẹ́fẹ́, gbogbo wa dúró tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dú lójú wa títí tó fi di aró gidi. Obìnrin náà kò lè sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà.

Ká ní ìpàdé ọlọ́jọ́ kan ni, ìyá yẹn ì bá ti da aró náà nù kó tó délé. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ran oníṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ nìyí. Iṣẹ́ wa ní àsìkò tirẹ̀. Aró kì í yára fún ẹnikẹ́ni, amọ̀ ní láti gbẹ kó tó wọ iná. Ìpàdé tí a bá ṣe ní wákàtí mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló lè gbé kalẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ owó jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọge Òṣogbo sọ iye tí òun ń ta àdìrẹ ọlọ́pàá márùn-ún fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Èkó. Ilé dákẹ́. Ìyá ará Ẹdẹ ní kó tún un sọ. Ẹni tó ń wá ra ọjà lọ́wọ́ tirẹ̀ kì í san ìdá mẹ́rin iye yẹn, èlú gidi sì ni tirẹ̀, tí ti ọmọge náà jẹ́ ti inú agolo. Ọmọge náà bá dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sára pátákó: owó aṣọ funfun, owó èlú, owó igi ìdáná, owó ọkọ̀. Ó kọ ọ́ tán, ó yíjú sí wa.

“Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Owó iṣẹ́ ọwọ́ yín dà níbẹ̀?”

Kò sí ìyá kankan nínú kíláàsì yẹn tó ń ka owó iṣẹ́ mọ́ iye aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ wọn, nígbà tí agboolé ṣì ń bọ́ gbogbo ènìyàn, tí oko wà, tí kò sí owó ilé ìwé. Ayé ti yí, ìṣirò kò yí. Alẹ́ yẹn la yí i. Lára ohun tí ìpàdé lè fún oníṣẹ́ ọnà, n kò rí èyí tó tóbi ju pé kó mọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ tó lọ. Oníṣòwò tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dá wà, iye tó bá wù ú ni yóò pè. Bó bá mọ̀ pé àwa aláró tó wà láti Ẹdẹ dé Ìkìrun ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ yóò yàtọ̀.

Ọmọge náà kò lọ lọ́wọ́ òfo. Kò tíì fi ìyẹ́ adìyẹ kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí. Pátákó onírin tí wọ́n gé àwòrán sí ló mọ̀. Ìyá Àgbà kọ́ ọ bí a ṣe ń fi álọ́ọ̀mù se láfún kó má baà tú dà nù sínú aró, àti bí ọwọ́ ṣe ń fúyẹ́ lórí aṣọ kí ìlà má baà nípọn jù. Àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi jókòó tì í. Ohun tí àgbà àti ọmọdé ní láti fún ara wọn kì í pé sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn ìpàdé tí wọ́n ti ń ya àwọn tí wọ́n pè ní ìbílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n pè ní ìgbàlódé.

Mo ti wà níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kan ni, nínú òtẹ́ẹ̀lì tó dára. Àwọn tó ṣe é fẹ́ ire fún wa, mo gbà bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ àjọ òkè òkun, ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń gbé ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn amọ̀kòkò tí wọ́n kó wá láti abúlé jókòó sẹ́yìn, wọ́n gba ìwé, wọ́n gba bírò, wọ́n sì pa á mọ́ sínú báàgì. Kò sí ẹni tó gbé amọ̀ wá síbẹ̀, nítorí òtẹ́ẹ̀lì kò gbà kí wọ́n dọ̀tí ilẹ̀. Nírọ̀lẹ́, wọ́n pín sátífíkéètì àti owó ọkọ̀, owó náà kò tó fún àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Obìnrin tó jókòó tì mí ti pàdánù ọjà ọjọ́ márùn-ún rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́ fún mi, torí owó tí wọ́n fi gba gbọ̀ngàn yẹn nìkan yóò bọ́ àwa tó wà ní kíláàsì yẹn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń kọ ẹ̀kọ́ òde sílẹ̀. Ladi Kwali ti mọ̀kòkò dáadáa ní abúlé Kwali kó tó wọ ibi iṣẹ́ Michael Cardew ní Abuja àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Suleja báyìí, ní 1954. Ó kọ́ ohun tuntun níbẹ̀, ó kọ́ bí a ṣe ń fi ohun dídán bo ara ìkòkò àti bí a ṣe ń sun ún nínú ààrò tó gbóná kọjá ti ìta gbangba. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé ló ṣì fi ń mọ ìkòkò ńlá rẹ̀, ẹranko tó ń fín sí i lára náà kò kúrò. Ìkòkò yẹn ló gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ẹni tó bá fẹ́ wá kọ́ wa, kó wá. Kó kọ́kọ́ jókòó wo ohun tí a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àjọ̀dún náà wà níbẹ̀. Ìjọba máa ń tọ́ka sí NAFEST, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1970, àti sí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí èrò ń rọ́ wá sí láti gbogbo ayé ní oṣù Kẹjọ. Ó dára, a ń tà níbẹ̀. Àmọ́ ọjà nìyẹn. Níbi ọjà, ẹni tó ń ta àdìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń du oníbàárà kan náà pẹ̀lú mi, kò lè dúró kọ́ mi ní ohun tó mọ̀.

Lẹ́yìn tí ìpàdé tiwa parí, a ṣí ojúlé kan lórí WhatsApp. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, ohùn ló ń fi ránṣẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bá a tẹ fóònù. Nígbà tí ẹnì kan ya àwòrán aró rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó bá òun wò ó, ohùn Ìyá Àgbà wọlé: “Ọmọ mi, mi ò lè tọ́ àwòrán wò. Gbé e wá.” Ìyẹn yé gbogbo wa. Fóònù wúlò fún iye owó, fún ìròyìn oníbàárà, fún ìkìlọ̀ nípa ẹni tó ń jẹ gbèsè. Kò lè rọ́pò ìpàdé. Ohun tó gbé wa ró jù lẹ́yìn náà ni àjọ tí a bẹ̀rẹ̀. A ń dá owó, a ń fi ra aṣọ funfun ní ìdì lẹ́ẹ̀kan ní Ìbàdàn, ó sì dínwó ju kí oníkálùkù máa ra ọ̀pá mélòó kan. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ó ń pín in fún ẹnì kejì. Nígbà kan rí, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń kọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí kò gbọdọ̀ bọ́. Àwọn tó ń wá síbi àkójọ wa pẹ̀lú kámẹ́rà, kí wọ́n máa tọrọ àyè kí wọ́n tó ya iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwòṣe tí ìyá kan fi ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́ lè di ohun tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn kí oṣù tó yípo. Ní tiwa, a ti fi òfin sí i: ẹni tó ni iṣẹ́ ló ni ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà nídìí àjọ àṣà ní ìpínlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ìlú tó lówó lọ́wọ́ tí ẹ ń fẹ́ ṣe nǹkan nílé, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ẹ má gba gbọ̀ngàn fún wa. Ẹ bá wa ra oúnjẹ, ẹ san owó ọkọ̀ tó tó àlọ àti àbọ̀ kí a tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin lè gbé ọmọ wọn wá, ẹ bi wá léèrè ọjọ́ ọjà àti àsìkò oko kí ẹ tó mú ọjọ́. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ àwọn kan náà, kí ẹ wo ibi tí iṣẹ́ dé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, aláró, amọ̀kòkò, ahunṣọ, agbẹ́gilére, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín ní ìlú tó wà nítòsí, ẹ gba nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì lọ rí ọ̀gá ilé ìwé kan kí ìsinmi tó ń bọ̀ yìí tó wọlé.